Etí Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Ń Kọ́: Ìrántí Ìyá Mi, Olùkọ́ Orin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ orin, ẹ̀yin akọrin àti gbogbo ọ̀rẹ́ tí ẹ péjọ síbí ní ọ̀sán òní, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìyá mi. Wọ́n bi mí léèrè pé ṣé ìtàn ìgbésí ayé wọn ni n óò sọ ni, àbí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Mo ní n kò mọ bí a ṣe ń ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé nínú ilé wa ní Òkè Bọ́lá, ẹnu tí wọ́n fi ń pè wá wá jẹun náà ni wọ́n fi ń kọ́ni ní orin, bí ìpè náà kò bá sì dún bó ṣe yẹ létí wọn, wọn a tún un pè. Bí ẹ bá ń retí ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìgbéyàwó àti oyè ìjọ, ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ óò rí gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni ìgbàgbọ́ kan tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣiṣẹ́ lé lórí, pé kò sí ọmọ kan tó ń gbọ́ Yorùbá tí kò ní etí orin.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí tí wọ́n ní kí ọmọ kan dákẹ́, pé ohùn rẹ̀ ń ba orin jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jókòó síbí ni wọ́n ti sọ ọ́ fún, a sì gbà á gbọ́ débi pé bí ìjọ bá dìde kọrin, ètè lásán là ń mì. Ìyá mi kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè lójú wọn. Aláàánú ènìyàn ni wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe àánú ló mú wọn kọ̀ ọ́. Ẹ̀rí ni wọ́n dì mú, inú èdè wa gan-an ni wọ́n sì ti rí ẹ̀rí náà.

Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́ta. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó wá mu ẹ̀kọ, yóò sáré wá. Bí ìyá náà bá ní kó lọ kọ́ ẹ̀kọ́, ó lè bú sẹ́kún. Kí ló gbọ́ tó fi mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì? Ohùn kan ṣoṣo tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ náà ni: àkọ́kọ́ jẹ́ d r (dò re), èkejì jẹ́ d m (dò mí). Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó nà án lẹ́gba, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tó ń jẹ́ àmì ohùn. Síbẹ̀, etí rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ tí àwọn àgbàlagbà láti ilẹ̀ mìíràn máa ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wá, tí wọn kì í sì í rí bọ̀rọ̀. Ìyá mi a máa bèèrè pé, báwo ni ẹni tó ti ṣe èyí láti orí itan ìyá rẹ̀ yóò ṣe wá di ẹni tí etí rẹ̀ dí sí orin nígbà tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́jọ? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé náà ni ọmọ wa ti ń kó ohùn wá sí kíláàsì.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń fi hàn wá, èyí tí mo rò pé òun ló jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ wọn. Ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lè ga ju ohùn òkè baba rẹ̀ lọ. Bí baba bá sọ̀rọ̀, tí ọmọ sì dá a lóhùn, kò sí ibì kan tí ohùn wọn ti pàdé, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ara wọn yékéyéké. A jẹ́ pé kì í ṣe bí ohùn ṣe ga tó ni etí wa ń gbọ́. Àárín tó wà láàrin ohùn kan àti èkejì ló ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sol-fa, ètò dò, re, mí tí a fi ń kọ́ orin, rí. Dò kò ní ibùjókòó kan pàtó. Ibi tí olórin bá gbé e kalẹ̀ sí ló wà, àwọn yòókù yóò sì tò tẹ̀lé e. Gbogbo ẹni tó kọ́ ìwé Yorùbá ló mọ̀ pé dò, re, mí ni olùkọ́ fi ń kọ́ni ní àmì ohùn: dò fún ìsàlẹ̀, re fún àárín, mí fún òkè. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọgbọ́n kí ọmọ má baà gbàgbé lásán ni. Ìyá mi gbà pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, pé ìdí tí sol-fa fi wọ ara àwọn baba wa kíá nígbà tó dé ni pé wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́nu kó tó dé.

Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá lóòótọ́. Obìnrin olùkọ́ kan, Sarah Glover ará ìlú Norwich, ló ṣe ètò rẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí àwọn ọmọdé lè kọrin láìsí ohun èlò kankan níwájú wọn. John Curwen, tó jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run, tún un ṣe, ó sì tàn án ká. Ìyá mi fẹ́ràn láti máa sọ pé obìnrin tó ń kọ́ ọmọ aláìní ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì wò yíká kíláàsì bí ẹni pé ẹni náà wà níbẹ̀.

Ní Ìbàdàn ni wọ́n bí wọn sí, ní ọdún díẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Inú ìjọ St. David's ní Kúdẹtì, ìjọ Kìrìsìtẹ́nì tó kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní ìlú yìí, ni wọ́n ti gbọ́ dùùrù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní 1853 ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì, tí Anna sì ń gba àwọn ọmọdé sínú ilé rẹ̀, tó ń kọ́ wọn ní ìwé àti orin. Láti ìgbà náà ni ọmọ Ìbàdàn ti ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ orin tí wọ́n ṣe fún èdè mìíràn. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó dun ìyá mi, ó sì tún jẹ́ ayọ̀ wọn.

Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ìgbà náà mọ̀ pé ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi fi di olùkọ́, kíláàsì ti kún fọ́fọ́, àwọn ọmọ fún mọ́ra wọn lórí bẹ́ǹṣì, kò sì sí dùùrù, kò sí fèrè, kò sí ìwé orin tó lè kárí. Pátákó, ṣọ́ọ̀kì, ọwọ́ àti ohùn olùkọ́ nìkan ló wà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé àìní ló bí ọ̀nà ìkọ́ni wọn, àti pé nígbà tí ohun èlò wá wà níkẹyìn, wọn kò pa ọ̀nà náà tì.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn a dúró níwájú, wọn a di ẹ̀ṣẹ́ sí ìbàdí: dò nìyẹn. Wọn a tẹ́ ọwọ́ pẹrẹsẹ síwájú àyà: mí. Wọn a gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ sí i, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí ojú wọn: sọ́. Kò ní sí ariwo kankan. Ọwọ́ yóò máa lọ sókè sódò, àwọn ọmọ yóò sì máa fi ojú bá a lọ pẹ̀lú ètè pípadé, nítorí pé òfin àkọ́kọ́ nínú kíláàsì wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ohun tí kò tíì gbọ́ nínú orí ara rẹ̀. “Ẹ gbọ́ ọ ná,” ni wọ́n máa ń wí. Bí wọ́n bá rí ọmọ tó ti fẹ́ la ẹnu, wọ́n á fi ìka kan ètè. Ó lè pẹ́ kí ohùn tó jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá jáde, gbogbo kíláàsì a bọ́ sí ojú ohùn kan ṣoṣo láìsí ẹni tó ń wá a kiri.

Orúkọ ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí wọ́n bá ń pe orúkọ láàárọ̀, wọn kì í pe ọ̀rọ̀. Ohùn orúkọ náà ni wọ́n ń kùn láìla ẹnu. Bí wọ́n bá kùn d m, Òjó á dìde. Bí wọ́n bá kùn r m, Adé á dìde, Ọlá náà á dìde, àwọn méjèèjì á sì wo ara wọn. Bí ó bá jẹ́ d d m, Àìná àti Àjàyí ló ni ín. Ọmọ tí kò bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ẹni tó jókòó tì í yóò gbọ́ ọ, yóò sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Lẹ́yìn orúkọ, ó kan àdúgbò: Ìbàdàn fúnra rẹ̀, d d d, Dùgbẹ̀, d d, Bódìjà, m d d. Lẹ́yìn náà ó kan àwọn ọlọ́jà tó ń kọjá lójú títì. Ẹni tó bá ń polówó ẹ̀kọ gbígbóná, d r m m m, kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin kankan, ṣùgbọ́n ìyá mi a ní kí àwọn ọmọ fi etí sí bí ó ṣe ń fa ohùn ìkẹyìn gùn, tó sì ń jẹ́ kó rọra wálẹ̀ bó ṣe ń yà ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí síléètì bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ni.

Ní ọdún kan, ìyá àgbà kan mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sílé wa. Wọ́n ti lé ọmọ náà kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin kan, wọ́n sì sọ fún un lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò lóhùn. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀ bí ó ṣe wọlé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orin ni ìyá mi kọ́kọ́ bá a sọ. Wọ́n ní kó jókòó, wọ́n bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Ó ní ẹ̀kọ àti àkàrà ni.

“Ẹ̀kọ́ àti àkàrà?” ni ìyá mi tún bi í.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Rárá, mà. Ẹ̀kọ ni.”

“Ó dáa. Tún un pè. Rọra pè é.”

Ó pè é. Wọ́n ní kó tún pè é, kó fà á díẹ̀ sí i, kó wá pa ẹnu dé kó sì kùn ún láìpe ọ̀rọ̀. Ó kùn ún. Ìyá mi wá dìde lọ sídìí dùùrù, dùùrù àtijọ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ fún ní afẹ́fẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohùn ọmọ náà kiri lórí rẹ̀. Wọ́n tẹ ohùn kan, wọ́n sún sísàlẹ̀, wọ́n tún sún sísàlẹ̀, títí wọ́n fi kan ibi tí ohùn dùùrù àti ohùn ọmọ náà ti di ọ̀kan. Wọ́n dúró síbẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ń lọ, ìka wọn kò kúrò. Mo ń wo ojú ọmọ náà. Mo rí i bí ó ṣe gbọ́ pé òun àti ohun kan tó wà níta ara òun jọ ń dún, tó sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí ẹ̀rù bà. Ìyá mi ní kó máa bá a lọ.

Kò sí àrà kankan nínú ohun tí wọ́n ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ tó wà láàrin wa fiyè sí i. Àwọn tó lé ọmọ náà ti tẹ ohùn tiwọn, wọ́n ní kó wá bá wọn níbẹ̀, kò sì lè dé ibẹ̀. Ìyá mi ló lọ bá a níbi tó wà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un gòkè díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kan sí òmíràn, títí ó fi lè dúró láàrin àwọn yòókù. Báàsì ló ń kọ lónìí nínú ọ̀kan lára àwọn ìjọ ńláńlá ìlú yìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí.

Mo ní n óò padà sórí ọ̀rọ̀ orin ìjọ. Ìyá mi fẹ́ràn orin ìyìn, wọ́n mọ̀ ọ́n lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìwé, òun sì ni mo fi ń dá wọn mọ̀ nínú òkùnkùn bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ láti ṣe bí ẹni pé kò sí ìṣòro níbẹ̀. Ìṣòro náà ni pé orin tí wọ́n gbé wá láti òkè òkun ní ọ̀nà tí ohùn rẹ̀ gbà ń lọ, ọ̀rọ̀ Yorùbá sì ní tirẹ̀. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á di nǹkan mìíràn létí. Kódà bí ẹni tó tú u bá ṣe wàhálà tó, tó sì mú kí ẹsẹ̀ kìíní bá ohùn mu, ohùn kan náà ni yóò tún gbé ẹsẹ̀ kejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ àwọn ẹsẹ̀ yẹn kò sì lè tò bákan náà.

Láti fi èyí hàn wá, wọ́n pe bàbá onílù kan, ọmọ Àyàn tòótọ́, wá sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kan. Bàbá náà gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, ó jókòó lórí àga olùkọ́. Ìyá mi tẹ orin ìyìn kan tí gbogbo ọmọ mọ̀, wọ́n sì ní kí bàbá fi ìlù sọ ohun tí wọ́n tẹ̀ gẹ́lẹ́. Bàbá tẹ́tí sí i, ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀, ó wá fún ọṣán ìlù mọ́ ìhà, ó sì lù ú. Nígbà tó parí, ó bi àwọn ọmọ léèrè pé, “Kí ni mo wí?” Ọmọ kan ní bàbá ń pe ẹlẹ́kọ. Òmíràn ní wọ́n ń bú ẹnì kan pé orí rẹ̀ tóbi. Ọ̀kan sọ tibí, ọ̀kan sọ tọ̀hún, kò sì sí ẹyọ ọmọ kan tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyìn tí gbogbo wọn ti há sórí láti kékeré.

Bàbá náà yíjú sí ìyá mi. Ó ní, “Ìyá Tíṣà, ohun tí dùùrù yín wí náà ni mo wí o.”

Ìyá mi wá bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ̀rọ̀ orin náà bí ènìyàn ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sí i létí. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo kíláàsì sì fi igbe gbà á.

Kì í ṣe ìyá mi ló kọ́kọ́ rí ìṣòro yìí, wọn kò sì pe ara wọn bẹ́ẹ̀ rí. T. K. E. Phillips, tó jẹ́ olórí atẹdùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, kọ ìwé lé e lórí tó jáde ní 1953, ó sì ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ àti orin ṣe so mọ́ra nínú Yorùbá. Ṣáájú rẹ̀ ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ti ń ṣe orin ìjọ tó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ wa, tó sì lọ gbà wọ́n sílẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní 1905, tó tẹ dùùrù ní Lọ́ńdọ̀nù títí òkìkí rẹ̀ fi kàn, padà wá sílé, ó sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960, níbi tó ti ń ṣèwádìí orin ìbílẹ̀. Ìyá mi a máa dárúkọ àwọn mẹ́ta wọ̀nyí bí ẹní ń ka ìdílé. Ohun tí wọ́n fi kún iṣẹ́ àwọn àgbà yẹn ni pé wọ́n gbé e dé iwájú ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n sì jẹ́ kó fi etí ara rẹ̀ rí i.

Ọ̀rọ̀ páàtì, ìyẹn ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí àwọn akọrin ń pín kọ nínú orin kan, ló mú wọn lọ́kàn jù ní ọjọ́ ogbó wọn, mo sì rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ wọn jìnnà jù. Ẹ mọ̀ pé nínú ẹgbẹ́ akọrin, tírébù, áàtò, ténọ̀ àti báàsì jọ ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà. Bí tírébù bá ń gòkè nígbà tí áàtò ń sọ̀kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé orin òyìnbó ṣe sábà máa ń fẹ́ kó rí, tírébù nìkan ló ń sọ Yorùbá. Ohun tí áàtò ń sọ, àwọn tó ń kọ ọ́ pàápàá kò mọ̀. Ìyá mi máa ń jókòó pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì àti ìrésà, wọ́n á sì tún àwọn páàtì náà tò kí gbogbo wọn jọ máa gòkè, kí wọ́n jọ máa sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ bá wà, kí báàsì sì rìn bó ṣe fẹ́ níbi tí ohùn kan bá ti gùn tí ọ̀rọ̀ kò yí padà. Àwọn kan tó kàwé orin sọ pé èyí lòdì sí òfin. Ìyá mi mọ òfin náà dáadáa. Wọ́n ti fi ṣe ìdánwò, wọ́n sì yege. Èsì wọn ni pé àwọn tí èdè wọn kò ní ohùn ìsàlẹ̀ àti òkè bíi tiwa ló ṣe é, ó sì dára fún wọn.

Ohun kan yà mí lẹ́nu nípa wọn. Mo rò pé wọn yóò kórìíra bí a ṣe ń kọrin nínú ọ̀pọ̀ ìjọ ìwòyí, níbi tí ẹnì kan yóò kàn dá orin sílẹ̀ láìgba ohùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí ẹni tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù yóò sì máa wá a kiri títí yóò fi bá a. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń retí pé wọn yóò gbè mí lẹ́yìn. Wọ́n ní kí ni mo rí sí i? Wọ́n ní ọmọ tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù yẹn ń ṣe ohun tí olùkọ́ yẹ kó ṣe: ó jẹ́ kí ẹni tó ń kọrin bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wà, òun ló sì ń lọ bá a. N kò rí èsì fún wọn, n kò sì tíì rí i títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé ẹ̀kọ́ wa ní gbangba, nítorí pé bí wọ́n bá wà láàyè, wọn kò ní jẹ́ kí n fò ó. Ètò ẹ̀kọ́ tí a ń lò báyìí ti kó orin, iṣẹ́ ọnà àti eré orí ìtàgé pọ̀ sínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo fún àwọn ọmọ wa. Bí ẹni tí wọ́n bá fi síbẹ̀ kì í bá ṣe olórin, ọmọ yóò ka ìtumọ̀ orin sórí, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, yóò sì gba máàkì láìjẹ́ pé ó la ẹnu rí. A ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Pólì Ìbàdàn náà ń kọ́ni ní orin, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sì ń ṣe bẹbẹ. Ṣùgbọ́n etí kì í dúró de yunifásítì. Ọmọ tí wọ́n bá ti sọ fún ní kíláàsì kejì pé kò lóhùn kò ní gba fọ́ọ̀mù. Ìyá mi kò bèèrè dùùrù fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n máa ń sọ pé olùkọ́ kan tó mọ bí a ṣe ń dákẹ́ tẹ́tí sí ọmọ tó fún ilé ẹ̀kọ́ kan.

Nígbà tí wọ́n di arúgbó, etí wọn gan-an ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ó dun mí ju àìsàn tó gbẹ̀yìn wọn lọ. Wọ́n máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara pákó dùùrù nígbà tí ọmọ kan bá ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì tún ohun tó bá ṣì ṣe, bí kò tilẹ̀ dá wa lójú bí wọ́n ṣe mọ̀. Ìyá ni wúrà, a ti ń wí i tipẹ́. Ohun tí èmi pàdánù kò ní orúkọ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà ní ilé ìdáná, wọ́n máa ń kùn, ìkùnsínú náà sì máa ń jẹ́ kí n mọ yàrá tí wọ́n wà láìjẹ́ pé mo pè wọ́n. Nísinsìnyí, bí mo bá wọ ilé náà, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀ kí n tó rántí pé kò sí ohun tí mò ń tẹ́tí sí.

Wọ́n ti fi àṣẹ sílẹ̀ nípa àìsùn wọn. Kò gbọdọ̀ sí báńdì, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ akọrin kan kò gbọdọ̀ nìkan kọrin. Kí ẹni tó bá wá kọrin, ni wọ́n wí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. A ṣe é bẹ́ẹ̀. Orin náà kò jọra, kò gún, àwọn kan ń fà á sẹ́yìn, àwọn kan ti parí tipẹ́, àwọn ará àdúgbò tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí ń gbè é láti ẹnu ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ ọ́ sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó ti tó ogójì ọdún tí àwọn ti kọrin sókè kẹ́yìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ìwé wọn. Wọ́n fi àpótí kan sílẹ̀ tó kún fún ìwé ìkọ̀wé tí wọ́n fi ń kọ ohùn ìlú yìí sílẹ̀ ní sol-fa: ìpolówó ọjà, orin eré òṣùpá pẹ̀lú lílé àti ègbè, ọ̀rọ̀ tí ìlù sọ níbi ìsìnkú, bí onírèké ṣe ń pè àti bí oníbúrẹ́dì ṣe ń pè. Púpọ̀ nínú àwọn ìpè yìí kò sí mọ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn báyìí ti gba ipò wọn. A ti ń dà wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn sì ń kọ wọ́n lẹ́nu kí a lè gbà á sílẹ̀ bí ó ṣe yẹ kó dún.

Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí wọn kò parí. Wọ́n kọ ọ́ sókè pé ìpolówó èkuru ni, ní Bẹẹrẹ, ní àárọ̀ kùtùkùtù. Ìlà àkọ́kọ́ yé wa, ó sì bá ohùn ọ̀rọ̀ mu. Ní ìlà kejì, ohùn náà fò kọjá ohun tí ọ̀rọ̀ lè gbé, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún un kọ, wọ́n tún pa á rẹ́, wọ́n sì fi àmì ìbéèrè sí i. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ dàgbà sí agbègbè Bẹẹrẹ àti Màpó, tí ẹ bá rántí bí àwọn elékuru ṣe máa ń pè nígbà náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì lọ. Àwọn ọmọ ti gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí apá ọ̀tún yìí. Bí ó ti wù kí ohùn yín rí lónìí, ẹ wá kọ ọ́ sínú rẹ̀ fún wa.